Ẹ Forúkọ Sílẹ̀ Kí Àìsàn Tó Dé: Ẹ̀kọ́ Lórí Adójútòfò Ìlera Fún Ìdílé Mùsùlùmí



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá wa, tí ó sì fi àlàáfíà jíǹkí wa. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo sàhábà rẹ̀.

Nínú abala ìlera àti ìmọ́tótó, ohun tí a sábà máa ń sọ ni ọwọ́ fífọ̀, omi mímu tó mọ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni a fẹ́ sọ. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan owó nínú ìmọ́tótó. Ohun tí à ń rí ló mú wa sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló mọ̀ dájú pé ibà ọmọ òun ti kọjá ti agbo ilé, ọ̀pọ̀ bàbá ló mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ òun ń ru, síbẹ̀ wọ́n jókòó sílé. Kì í ṣe ìmọ̀ ni wọn kò ní. Owó tí wọn yóò kọ́kọ́ kó kalẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ni kò sí.

Ohun tí à ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀

Gbogbo wa ní Kabba àti agbègbè rẹ̀ la mọ ohun tí a fẹ́ sọ yìí. Ìrun Jímọ̀ ti parí, àwọn èèyàn ti fẹ́ máa lọ. Akọ̀wé mọ́sáláásí dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀. Ọmọ arákùnrin wa kan wà ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, owó kò pé." A ó gbé àpótí yípo. Ẹni tó ní igba náírà yóò fi sílẹ̀, ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún yóò fi sílẹ̀. Sàráà ni, ẹ̀san rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a ka ọjọ́. Ọjọ́ Àtìní ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ náà. Jímọ̀ la dá owó. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e lọ sí kẹ́mísì lẹ́ẹ̀mejì nítorí ibẹ̀ ni agbára wọn ká. Bàbá rẹ̀ ti lọ yá owó. Ìyá rẹ̀ ti ta àpò kajú tí ó fẹ́ fi san owó ilé ìwé, iye tí wọ́n dá lé e lójú pọ́nńpọ́n ló sì gbà. Nígbà tí owó wa dé, àìsàn tí ì bá rọrùn láti wò lọ́jọ́ Àtìní ti di ńlá.

Ohun tí à ń ṣe ní Jímọ̀ yẹn dára, ẹ má jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àìsàn ló máa ń dé. Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kọ́ lónìí ni bí a ṣe lè dá owó náà ṣáájú, nígbà tí ara gbogbo wa ṣì le. Orúkọ tí ìjọba ń pe irú owó àdájọ bẹ́ẹ̀ ni adójútòfò ìlera. Ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ọ́n sí ínṣọ́ránsì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń pè é ní NHIS.

Kí ni adójútòfò ìlera?

Àwọn baba wa ní ilẹ̀ Òkun mọ àáró. Bí a bá ro oko lágbájá lónìí, a ó ro ti tàmẹ̀dù lọ́la. Àwọn ìyá wa sì mọ èsúsú. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a kì í fi ìka kan ṣoṣo sọ ọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni adójútòfò ìlera pẹ̀lú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò máa dá owó díẹ̀díẹ̀ sínú àpò kan nígbà tí ara wọn yá. Ẹni tí àìsàn bá dé bá nínú wọn, inú àpò náà ni a ó ti tọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé iṣẹ́ abẹ kan ń ná èèyàn ní 150,000 náírà. Bí ẹnìkan bá ń fi 1,000 náírà pamọ́ lóṣù fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, yóò gbà á ní oṣù 150, ìyẹn ọdún méjìlá àbọ̀, kí owó náà tó pé. Àìsàn kò ní dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí 1,000 èèyàn bá ń dá 1,000 náírà kan náà lóṣù, ní òpin ọdún, 12,000,000 náírà ni yóò wà nínú àpò. Bí èèyàn 40 nínú wọn bá nílò iṣẹ́ abẹ lọ́dún yẹn, 6,000,000 náírà ni yóò lọ. Ìyókù yóò wà fún ibà, fún oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti fún àwọn aláboyún. Owó kan náà ni, ẹ̀gbẹ̀rún kan náírà lóṣù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a kó o jọ.

Ibì kan wà tí ó ti yàtọ̀ sí èsúsú. Nínú èsúsú, olúkúlùkù ni yóò kó tirẹ̀. Nínú èyí, ẹni tí ó bá ṣàìsàn ni yóò lo owó náà. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń bínú pé, "Mo sanwó fún ọdún méjì, n kò ṣàìsàn, ẹ dá owó mi padà." À ń bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé: ǹjẹ́ a máa ń ní kí ọdẹ àdúgbò dá owó wa padà nítorí pé olè kò wá? Oorun tí a sùn ni ohun tí a fi owó náà rà. Bí o bá sanwó ní ọdún tí ara rẹ le, ó ti di ìrànlọ́wọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn. Ọdún tí ó bá kàn ọ́, tiwọn ni yóò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ tún ṣàkíyèsí èyí. Bí gbogbo èèyàn bá ń dúró títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ṣàìsàn kí wọ́n tó wọlé, kò ní sí owó kankan nínú àpò. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ètò wọ̀nyí fi máa ń ní kí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó fún ara rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá sáré lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìrora bá dé, ó ti pẹ́ jù.

Bí ètò yìí ṣe dé Nàìjíríà

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ilẹ̀ Jámánì ti ṣe òfin adójútòfò fún àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ láti ọdún 1883. Ní Nàìjíríà níbí, ọdún 1962 ni Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí, mínísítà ètò ìlera ìgbà náà, gbé àbá rẹ̀ wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ṣùgbọ́n kò dòfin. Ọdún 1999 ni òfin tó dá NHIS sílẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn aládùúgbò wa ní Gánà ṣe òfin tiwọn ní 2003, wọ́n sì fi ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún kún owó orí ọjà láti fi gbé e ró.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ NHIS di NHIA. Òfin yìí sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ó tún ní kí a ní owó àkànṣe fún àwọn tí kò lágbára láti san. Ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi náà ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀, Lọ́kọ́ja ni olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà.

Síbẹ̀, ẹ wo bí a ti kéré tó nínú rẹ̀. Ìwádìí tí ìjọba ṣe nípa ìlera àwọn ìdílé káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, àwọn 97 ni kò ní adójútòfò ìlera kankan. Bákan náà ni ti àwọn ọkùnrin. Àpò ara wa ni a fi ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó ìtọ́jú ní orílẹ̀-èdè yìí. Òfin ti wà, àpò ti wà. Ọ̀pọ̀ wa ni kò tíì wọlé, nítorí a rò pé ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni.

Ẹnu ọ̀nà wo ni ìdílé rẹ yóò gbà wọlé?

Ẹnu ọ̀nà márùn-ún ni a ó ṣàlàyé.

*Èkíní* ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ètò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí agbanisíṣẹ́ san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá márùn-ún kún un. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí o kò tíì gba káàdì, lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì rẹ.

*Èkejì* ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, títí kan àwọn olùkọ́. Àjọ ti ìpínlẹ̀ ni ti yín.

*Ẹ̀kẹta* ni ti àwa tí a kì í gba owó oṣù: àgbẹ̀ oníkọfí àti oníkajú, aránṣọ, ọlọ́kadà, ìyá tí ń ta gààrí, mẹ́káníìkì. A lè sanwó fún ọdún kan fún ara wa, fún ìdílé wa, tàbí kí ẹgbẹ́ kan kó ara wọn jọ san án. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè ṣe é. Ẹgbẹ́ asálàátù náà lè ṣe é.

*Ẹ̀kẹrin* ni ti aláboyún, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó, aláàbọ̀ ara àti ẹni tí kò rí jẹ. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìlera ìpìlẹ̀. Apá kan nínú owó yìí ni a fi ń sanwó adójútòfò fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ilé ìlera alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní wọ́ọ̀dù wọn ni wọ́n sì ti ń gba ìtọ́jú. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọlé kì í san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n àyè ibẹ̀ kò pọ̀, ẹni tí ó bá tètè lọ béèrè ló máa ń rí i.

*Ẹ̀karùn-ún* ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Ètò kan wà fún àwọn ọmọ tó wà ní yunifásítì, pólì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ọmọ rẹ bá ń san owó ìlera mọ́ owó ilé ìwé, ní kí ó béèrè káàdì rẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n sanwó yìí tí wọn kò mọ̀ pé wọ́n san án kò kéré.

Ìyàwó kejì àti ọmọ karùn-ún

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Mùsùlùmí gan-an, a kò sì gbọdọ̀ fò ó. Lábẹ́ ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, owó tí à ń yọ nínú owó oṣù kó òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, aya tàbí ọkọ kan, àti ọmọ mẹ́rin tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Ìyàwó kejì kò sí nínú rẹ̀. Ọmọ karùn-ún kò sí nínú rẹ̀. Ìyá àti bàbá tó bí òṣìṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọ́n kún un yóò san owó ọ̀tọ̀.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọkọ yóò kọ orúkọ ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, yóò sì dákẹ́. Ìyàwó kejì kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ tirẹ̀ bá ṣàìsàn, tí wọ́n bá sọ fún un ní ilé ìwòsàn pé orúkọ òun kò sí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rántí pé ìdájọ́ òdodo láàárín àwọn aya jẹ́ dandan lọ́rùn wa. Kì í ṣe oúnjẹ àti aṣọ nìkan ni a ó pín dọ́gba. Bí o bá kọ orúkọ ìyàwó kan sílẹ̀ níbi iṣẹ́, san owó ti èkejì nípa ètò ìpínlẹ̀. Bí ó bá lóyún, mú un lọ sí ilé ìlera wọ́ọ̀dù kí wọ́n wò ó bóyá ó lè wọlé láìsanwó. Kí o sì sọ fún gbogbo wọn ohun tí o ṣe.

Ǹjẹ́ ẹ̀sìn gbà á láyè?

Ìbéèrè tí a máa ń gbọ́ jù nìyí. Àwọn kan ní ínṣọ́ránsì jẹ́ haráàmù. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó bá gba káàdì kò gbára lé Ọlọ́hun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀rọ̀ gbígbára lé Ọlọ́hun. Ìtàn ọkùnrin tí ó bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun mọ́lẹ̀, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, kò ṣàjèjì sí wa. A sì mọ̀ pé kí ó so ó kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun ni a sọ fún un. Ẹni tí ó gba káàdì kò sọ pé káàdì ló ń wo àìsàn. Ọlọ́hun nìkan ló ń fúnni ní ìwòsàn. Ràkúnmí ni a so.

Ní ti haráàmù, a kì í ṣe adájọ́ lórí abala yìí, ṣùgbọ́n a lè sọ ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1985, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ti ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí jókòó ní Jeddah. Wọ́n ní ínṣọ́ránsì tí a fi ń ṣòwò, tí ilé iṣẹ́ ń jèrè lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí yóò ti rí, kò tọ́. Wọ́n sì ní èyí tí àwọn èèyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, tí owó tí wọ́n dá jẹ́ ọrẹ fún ara wọn, tọ́. Irú èyí ni à ń pè ní takaful. Láti ọdún 2013 ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ínṣọ́ránsì ní Nàìjíríà ti ní ìlànà fún un.

Ìwà ríran ara ẹni lọ́wọ́ báyìí ti wà láti ayé àwọn sàhábà. Àdíìsì sọ nípa àwọn ará Ash'ar pé bí oúnjẹ wọn bá fẹ́ tán, wọn a kó gbogbo ohun tó kù jọ sórí aṣọ kan, wọn a sì pín in dọ́gba, Ànábì sì yìn wọ́n fún un.

Nítorí náà, ẹ wo àpò tí ẹ fẹ́ wọ̀. Àpò ti ìjọba ìpínlẹ̀, tí gbogbo ará ìlú dá jọ, tí kò ní olówó tí ń pín èrè rẹ̀, sún mọ́ ríran ara ẹni lọ́wọ́ ju òwò lọ. Èyí tí ìjọba ń san fún aláboyún àti aláìní kò gba owó kankan lọ́wọ́ wọn, a kò sì rí ibi tí iyèméjì ti lè wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ni ẹ fẹ́ sanwó fún, ẹ gbé ìwé rẹ̀ lọ bá àáfà tó mọ̀wé, kí ó kà á kí ó tó dájọ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "wọ́n ní" tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó sọ ọ́ dá ọmọ yín dúró sílé.

Ohun tí àwọn ará Àfọ̀n rí

Kò jìnnà sí wa. Ní ìpínlẹ̀ Kwara, ọdún 2007 ni ètò adójútòfò ìlera kan bẹ̀rẹ̀ ní Shonga láàárín àwọn àgbẹ̀. Ní 2009, ó dé Àfọ̀n ní ìjọba ìbílẹ̀ Àsà. Hygeia ló bójú tó o nígbà náà. Ìjọba Kwara àti owó ìrànwọ́ láti ilẹ̀ Netherlands ni wọ́n gbé èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, àwọn ará ìlú sì san ìwọ̀nba díẹ̀.

Àwọn olùwádìí wọn ìfúnpá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní agbègbè náà ní 2009, wọ́n sì padà wọ̀n wọ́n ní 2011. Wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní agbègbè mìíràn tí ètò náà kò sí. Ohun tí wọ́n rí, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2014, ni pé ìfúnpá àwọn tó wà níbi tí ètò náà ti dé wálẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Àwa mọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń fà: rọpárọsẹ̀, ìdákú, ikú òjijì tí à ń wá ẹni tó ṣe é. Nígbà tí owó kò dí ọ̀nà mọ́, àgbẹ̀ lè lọ wọn ìfúnpá rẹ̀, kí ó sì rí oògùn lò lójoojúmọ́, kì í ṣe ọjọ́ tí orí bá ń fọ́ ọ nìkan.

Mọ ẹ̀tọ́ rẹ

A kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo nǹkan ló ń lọ déédéé. Ọ̀kan nínú wa gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kan tí a kò ní dárúkọ. Bí wọ́n ṣe rí káàdì rẹ̀ ni wọ́n ní kí ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn tó ń san owó lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Nígbà tó yá, wọ́n ní kò sí oògùn. Ó bínú lọ sílé, ó sì ju káàdì sínú àpótí. Inú àpótí náà ni káàdì ṣì wà, wọ́n sì ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Ohun tí arákùnrin wa kò mọ̀ ni pé ilé ìwòsàn tí èèyàn bá yàn fún ìtọ́jú àkọ́kọ́ ń gba owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù, bó wá o, bí kò wá o. Wọn kò fi ìtọ́jú náà ṣe é lóore. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí:

1. Ètò náà sábà máa ń kó rírí dókítà, àyẹ̀wò tó wà nínú ìwé wọn, oògùn tó wà nínú ìwé wọn, ìtọ́jú aláboyún àti ìgbẹ̀bí, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé. Àyẹ̀wò ojú wà níbẹ̀ lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀.

2. Lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ yìí kan náà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn ni ẹni tó ní káàdì ń san. Bí oògùn bá jẹ́ 5,000 náírà, 500 náírà ni tìrẹ. Bí wọ́n bá ní kí o san gbogbo rẹ̀, béèrè ìdí rẹ̀ kí o sì gba rìsíìtì.

3. Bí àìsàn bá ju agbára ilé ìwòsàn rẹ lọ, wọn yóò kọ lẹ́tà fún ọ lọ sí èyí tó tóbi jù. Má ṣe dédé lọ láìgba lẹ́tà, àfi bí ó bá jẹ́ pàjáwìrì.

4. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ tí a fi ń wá ẹwà àti ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara bíi kíndìnrín kò sí níbẹ̀. Ètò kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, ẹ béèrè fún un kí ẹ tó sanwó.

5. Bí ilé ìwòsàn kan kò bá tọ́jú rẹ bó ti yẹ, fi ẹjọ́ sun àjọ tó fún ọ ní káàdì. O tún lè yí ilé ìwòsàn padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ má ju káàdì sínú àpótí.

Ohun tí a ó ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì ní alẹ́ kan. Kí bàbá mú bébà, kí ọmọ tó mọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ilé: àwọn ìyá, gbogbo ọmọ, ìyá àgbà, ọmọ òrukàn tí ẹ gbà tọ́. Ẹ kọ ẹnu ọ̀nà tí olúkúlùkù yóò gbà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ní nọ́ńbà NIN, kí ó lọ gbà á, nítorí wọn yóò béèrè fún un. Ẹ lọ sí ilé ìlera wọ́ọ̀dù yín tàbí ọ́fíìsì àjọ náà, kí ẹ béèrè iye tí owó ọdún yìí jẹ́ àti ìgbà tí káàdì yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó láìgba rìsíìtì. Bí káàdì bá ti dé, ẹ lò ó nígbà tí ara yá: ẹ lọ wọn ìfúnpá, kí wọ́n mọ̀ yín, kí ẹ mọ ọ̀nà.

Ní ti mọ́sáláásí wa, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan tí yóò mọ ọ̀rọ̀ yìí, tí yóò máa ran àwọn tí kò mọ̀wé lọ́wọ́. Kí a sì ronú lórí àpótí Jímọ̀. Ká sọ pé 200 èèyàn fi 200 náírà sílẹ̀, 40,000 náírà nìyẹn. Ní Jímọ̀ mẹ́rin, 160,000 náírà. Bí owó ọdún ẹnìkan bá jẹ́ 15,000 náírà, a ti lè fi sàráà oṣù kan ṣoṣo forúkọ opó àti ọmọ òrukàn mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Iṣẹ́ abẹ ọmọ kan ni à bá fi owó yẹn san, lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ ti ta kajú tán.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èsúsú àti adójútòfò ìlera?
2. Ta ni nínú ilé wa ni orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan?
3. Kí ló dé tí ẹni tí ó dúró di ọjọ́ àìsàn fi pẹ́ jù?
4. Bí wọ́n bá ní kí a san gbogbo owó oògùn, kí ni a ó sọ?
5. Opó tàbí aláboyún wo ní àdúgbò wa ni a lè mú lọ sí ilé ìlera lọ́sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà tó pé, kí Ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí Ó sì jẹ́ kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí ohun rere. Àmín.